Kíkó Ìwé Ìbàdàn Jọ: Ìwé Àtijọ́ àti Ìwé Oníbuwọ́lù

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó ìwé ìtàn ìlú jọ, kó mú ìlú kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Yorùbá gbòòrò, ìwé tí wọ́n sì ti kọ nípa rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí yàrá kan lè gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú Ìbàdàn, tàbí Abẹ́òkúta, tàbí Èkó, tó sì fara balẹ̀ fún ọdún díẹ̀, yóò mọ ìwé ìlú náà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á lọ. Ìmọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n rẹ́ni jẹ. Ìbàdàn ni mo mú, òun náà ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí. Ẹni tí ìlú tirẹ̀ yàtọ̀ lè máa fi ọ̀rọ̀ mi wọn ìlú tirẹ̀ bó ti ń kà á lọ.

Ìbàdàn kò tíì pé igba ọdún, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ pọ̀. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun tẹ̀ ẹ́ dó, kò sì pẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì fi dé, tí wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn ń rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú náà kàwé, wọ́n mú kálámù. Ní 1914, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá Ẹgbẹ́ Àgbà-ò-tán sílẹ̀, kí ìtàn àwọn àgbà má baà bá àwọn àgbà lọ. Yunifásítì dé ní 1948, àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá sì wá jókòó sí àdúgbò Jẹ́ríkò àti àyíká rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń sọ yìí ló jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ ọ́, Ìbàdàn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, inú ilé kan ní Ìbàdàn ló sì wà títí di òní, lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí àjà.

Ẹ̀dà tí mo máa ń wá ni èyí tí ọwọ́ ará ìlú ti kàn: èyí tí orúkọ ẹni tó ni ín, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó rà á wà lára rẹ̀. Ìbuwọ́lù òǹkọ̀wé dára, n ó sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlà méjì tí olùkọ́ kan fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìwé ní àdúgbò Kúdẹtì lè jẹ́ ẹ̀rí tí kò sí níbòmíràn láyé. Ọlọ́jà kì í sábà díye lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ẹni tí kò lówó púpọ̀ lè kó ìwé tó níyì jọ.

Ẹ kọ́ ọdún kí ẹ tó náwó

Ọdún ni ohun ìjà àkọ́kọ́ tí olùkówèé ní. Ọdún tí wọ́n tẹ ìwé, ọdún tí òǹkọ̀wé kú, ọdún tó joyè, ọdún tí ilé ìtẹ̀wé yí orúkọ padà: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa mú un rìn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé Anna Hinderer bẹ̀rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀, David, dé Ìbàdàn ní 1853, Kúdẹtì ni wọ́n sì kọ́lé sí. Látinú lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Seventeen Years in the Yoruba Country, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀n ní 1872. Obìnrin náà ti kú ní 1870.

Lẹ́yìn ìyẹn ni The History of the Yorubas, ìwé tí ẹnikẹ́ni tó ń kó ìwé Ìbàdàn kò lè ṣe aláìní, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti ro ìtàn ogun àti ìjòyè Ìbàdàn báyẹn. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ọ́, ti wà ní Ìbàdàn láti kékeré, ó sì wà lára àwọn tó ń rìn láàárín àwọn ológun nígbà tí wọ́n ń wá bí ogun Kírìjì tí Ìbàdàn ń jà yóò ṣe parí. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí England, ìwé náà sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un kọ. Ní 1916 tí òun náà fi ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nítorí ogun tó wà nílẹ̀, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah ti kú ní 1920.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ọdún yìí ń sọ. Nínú ìwé méjèèjì tó lókìkí jù nípa Ìbàdàn ayé àtijọ́, kò sí èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ lè buwọ́ lù, nítorí pé wọ́n ti kú kí ìwé tó kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gbé The History of the Yorubas wá, tó ní Johnson fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ohun tó lè níyì nínú irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ni ín: àlùfáà, olóyè, akọ̀wé kóòtù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

Ti Akínyẹlé yàtọ̀. Ní 1911 ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn kọ́kọ́ jáde, ní èdè Yorùbá, látọwọ́ ọmọ ìlú. Wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn kan lára ẹ̀dà ẹ̀yìn ni wọ́n sì tẹ̀ ní England. Akínyẹlé di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wàjà ní 1964. Ó fi ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún wà láyé lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ̀dà tó buwọ́ lù wà, a sì lè rí i. Oyè rẹ̀ ni ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tí ìbuwọ́lù bá gbé oyè Olúbàdàn, tí ọjọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 1948, ẹnì kan ló jókòó sílé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bákan náà ni tí ẹ̀dà kan bá ní òǹtẹ̀ ilé ìwé tàbí ilé iṣẹ́ tí kò tíì sí ní ọdún tí wọ́n kọ sí i.

Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn, ni kí ẹ fi kọ́ bí àyè ìbuwọ́lù ṣe lè kéré tó. Africa in Ebullition, ìwé rẹ̀, jáde ní 1952. Ìjàm̀bá ọkọ̀ sì pa á ní 1958. Ọdún mẹ́fà péré ni gbogbo ìbuwọ́lù rẹ̀ nínú ìwé náà lè ti wá. Àwọn tó ń kó ìwé òṣèlú nìkan ló sì sábà ń wá ìwé yìí, nítorí pé kò sí Ìbàdàn nínú àkọlé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni The Price of Liberty, tí Post àti Jenkins kọ nípa Adélabú ní 1973. Ẹ má fi àkọlé nìkan wá ìwé ìlú.

Mímọ ẹ̀dà àkọ́kọ́

Ojú ewé tó wà lẹ́yìn àkọlé ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni ilé ìtẹ̀wé máa ń kọ ọdún sí, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìwé Johnson tí wọ́n tún tẹ̀ ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà ṣì lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1921 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kọ́ ni wọ́n tẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹ wo orúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ti 1921, Routledge ti Lọ́ńdọ̀n ló gbé e jáde. Ẹ̀dà tó bá ní orúkọ ilé ìtàwé CSS lára kò lè jẹ́ ti 1921 láéláé, nítorí pé CMS ni ilé ìtàwé náà ń jẹ́ nígbà yẹn.

Fún ìwé Yorùbá, ẹ máa wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí ọ̀nà ìkọ̀wé tí à ń lò báyìí. Ìwé tó bá kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn” lè jẹ́ ti àtijọ́. Èyí tó bá kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n” látòkèdélẹ̀, tí ẹnì kan sì ń pè é ní ìwé 1911, àtúntẹ̀ ni, bó ti wù kí èèpo rẹ̀ gbó tó.

Ẹ ka ojú ewé. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú bí ìwé tí wọ́n ti fa máàpù inú rẹ̀ ya, nítorí pé máàpù àti àwòrán ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ tà. Kí ẹ tó ra ìwé olówó ńlá, ẹ lọ wo ẹ̀dà tó pé ní ibi ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí ẹ ka àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan níbẹ̀ á kọ́ yín ju ohun tí mo lè kọ síhìn-ín lọ.

Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀

Apá yìí ló sún mọ́ mi lọ́kàn jù, n ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá tó dé, àwọn ọmọ ìlú ti ń fi ẹ̀rọ kékeré tẹ̀wé. Dénrelé Adétìmíkàn Ọbasá ló ń tẹ ìwé ìròyìn The Yoruba News ní Ìbàdàn láti 1924. Ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, Ilare Press, ló ti tẹ Ìwé Kìíní ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927. Ìwé kejì tẹ̀ lé e ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ẹni tó bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, tí èèpo wọn kò tíì ya, kó má wulẹ̀ lọ wá ohun mìíràn lọ́dún yẹn. Bébà ìgbà ogun, bíi ti ìwé kẹta yìí, kò dára. Tí ẹ bá ṣẹ́ etí rẹ̀, yóò kán bí àkàrà gbígbẹ, nítorí náà ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ fi ṣí i.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìwé Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà. Ní 1961 ni Ulli Beier, Wole Soyinka, J. P. Clark, Christopher Okigbo, Chinua Achebe, Ezekiel Mphahlele àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Mbari ló gbé Song of a Goat ti Clark jáde ní 1961, Heavensgate ti Okigbo ní 1962, Three Plays ti Soyinka ní 1963. Ìwé pẹlẹbẹ ni púpọ̀ nínú wọn, wọn kò pọ̀ nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò sì ní èèpo líle tó lè dáàbò bò wọ́n. Ogun abẹ́lé pa Okigbo ní 1967. Heavensgate tó buwọ́ lù kò lè ju ọdún márùn-ún yẹn lọ, àwọn tó ń wá a sì wà káàkiri ayé. Níbi tí owó bá pọ̀ sí báyẹn, ayédèrú kì í jìnnà. Tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ bèèrè pé ta ló ni ín tẹ́lẹ̀, àti ta ló ni ín ṣáájú onítọ̀hún. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn kò ní ìbuwọ́lù tà. Ìwé nìkan ló ń tà, ẹ san owó ìwé nìkan.

Mo fẹ́ kí ẹ tún máa kó ohun tí àwọn olówó kì í kà sí: ìwé àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì Kúdẹtì àti Àrẹ̀mọ, ìwé ìròyìn ọdọọdún àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Ibadan Grammar School àti Government College, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò ìwúyè Olúbàdàn, àti ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ má fojú kékeré wo ìwé ètò ìsìnkú. Nínú ojú ewé mẹ́jọ, ó lè ní orúkọ bàbá àgbà olóògbé, agboolé rẹ̀, oríkì ìdílé, iṣẹ́ tó ṣe, orúkọ ìyàwó àti ọmọ, àti fọ́tò tí wọ́n yà níwájú gbọ̀ngàn Màpó. Òpìtàn yunifásítì kankan kò kọ ìtàn ìdílé yẹn, bóyá kò sì ní í sẹ́ni tí yóò kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ìsìnkú, wọ́n ti ń fi í pọ́n ẹ̀pà.

Yíyẹ ìbuwọ́lù wò

Ẹ gbé ìwé sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bírò máa ń tẹ bébà wọlé. Tí ẹ bá fi ìka kan ẹ̀yìn ojú ewé náà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ìbuwọ́lù tí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ní irú ipa bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá sì fi awò wò ó, ẹ lè rí i pé àmì kéékèèké ló kóra jọ di ìlà. Pẹ́ẹ̀nì tí a ń rọ íǹkì sí a máa nípọn níbi kan, a sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ti pọ́n díẹ̀ bí ó bá ti pẹ́. Íǹkì àtijọ́ tí ìwé ti pa dé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń fi òjìji sílẹ̀ lójú ewé tó dojú kọ ọ́. Ẹ ṣí ojú ewé kejì yẹn, ẹ wò ó dáadáa. Tí bébà náà bá ti ní àbàwọ́n ọ̀rinrin, ẹ wo bóyá íǹkì wà lábẹ́ àbàwọ́n náà tàbí ó gun orí rẹ̀. Èyí tó gun orí rẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Bírò kò tàn ká ọjà títí di àwọn ọdún 1940. Ìbuwọ́lù 1927 tí wọ́n fi bírò kọ ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Oríṣi ìbuwọ́lù mẹ́ta ló wà, mo sì ní ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀kan jù. Òǹkọ̀wé lè kọ orúkọ ara rẹ̀ nìkan. Ó lè kọ ọ́ fún ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ fún náà jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwé kàn gbọ̀ngbọ̀n. The City of Ibadan, tí Lloyd, Mabogunje àti Bọ́láńlé Awẹ́ jọ ṣàkójọ ní 1967, kò ṣòro jù láti rí. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀kan nínú wọn kọ fún olóyè tàbí olùkọ́ kan nílùú, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìtàn tó sọ fún un, irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ fi ẹni tí ìmọ̀ inú ìwé ti wá hàn wá. Ọlọ́jà òyìnbó lè sọ fún yín pé orúkọ ẹlòmíràn tó wà nínú ìwé ń dín iye rẹ̀ kù. Fún ìwé ìlú, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Mabogunje kú ní 2022. Ìbuwọ́lù rẹ̀ kò ní í pọ̀ sí i mọ́.

Tí òǹkọ̀wé bá wà láàyè, ibi ìfilọ́lẹ̀ ìwé ni ẹ ti lè rí i. Soyinka ló kọ Ibadan: The Penkelemes Years ní 1994, Toyin Falola ló kọ A Mouth Sweeter Than Salt ní 2004 nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Ìbàdàn, ìwé méjèèjì sì yẹ nínú àkójọ yín. Ìwé kan tàbí méjì ni kí ẹ mú lọ, ẹ má kó páálí. Ẹ ti fi bébà sàmì sí ojú ewé àkọlé, ẹ mú pẹ́ẹ̀nì tó dára dání, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọjọ́ òní àti Ìbàdàn sí i.” Ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ni yóò jẹ́rìí fún ìbuwọ́lù náà nígbà tí ẹ̀yin àti òǹkọ̀wé kò bá sí mọ́.

Ibi tí ìwé wà

Ẹ bá àwọn tó ń ta ìwé àlòkù dọ́rẹ̀ẹ́. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wò, nítorí náà wọ́n lè fi ìwé pẹlẹbẹ ọdún 1940 ti ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà mì. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá fún wọn kedere, ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, kí ẹ sì san owó tó yẹ nígbà tí wọ́n bá pè yín. Ọlọ́jà tí ẹ bá fún ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún ohun tó mọ̀ lẹ́yìn náà pé ó tó ogún ẹgbẹ̀rún kò ní í pè yín mọ́ láyé. Ní Jẹ́ríkò, ilé ìtàwé Mosuro ṣì jẹ́ ibi tí ìwé nípa Ìbàdàn ti máa ń wà. Ní Èkó, Jazzhole ní Ìkòyí kì í ṣàìní ìwé àtijọ́ láàárín àwo orin.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ àwọn ọlọ́jà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé míṣọ́nnárì pọ̀ sí. Ẹ fi orúkọ tí ayé ìgbà yẹn ń lò wá a: “Abbeokuta” oní-b méjì, “Oshogbo”, “Yoruba Country”. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò èèpo, àkọlé, ẹ̀yìn àkọlé, àti ojú ewé tó ní ìkọ̀wé ọwọ́ ránṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Òǹtẹ̀ ilé ìkàwé gba ìṣọ́ra. Tí ìwé bá ní òǹtẹ̀ yunifásítì tàbí ilé ẹ̀kọ́, tí kò sì sí òǹtẹ̀ mìíràn tó fi hàn pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ fúnra wọn, ẹ pe ilé ìkàwé náà kí ẹ tó rà á. Fáìlì ìjọba, lẹ́tà ajẹ́lẹ̀ àti ohunkóhun tó bá ní nọ́ńbà ilé àkójọ ìwé ìjọba lára, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ti gbogbo wa ni, ojúkòkòrò olùkówèé ló ń sọ olè di ọlọ́jà.

Ilé olóògbé ni ìwé tó dára jù ti máa ń jáde, ibẹ̀ náà ni ìwà ti ṣe pàtàkì jù. Ẹ má lọ kí òkú tó wọlẹ̀, ẹ má sì lọ láàárín ogójì ọjọ́. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ kí ìyá bó ṣe yẹ: “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Mà. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ sí. Ìwé Bàbá ni mo tìtorí ẹ̀ wá, kì í ṣe láti kó o lọ lónìí o, kí n bá yín wò ó ni.” Ìyá lè dáhùn pé, “Ìwé ẹ̀ ló kún yàrá yẹn, ọmọ mi, eku ló kàn ń jẹ ẹ́.” Ẹ jókòó, ẹ bá wọn pín in. Kí ẹ tó kó ohunkóhun, ẹ gbọn ìwé kọ̀ọ̀kan wò lójú àwọn ọmọ. Àwọn àgbà Ìbàdàn máa ń fi ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí àti lẹ́tà sáàárín ìwé. Àwọn nǹkan yẹn, ti ìdílé ni, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ iye tí ẹ rò pé ìwé kọ̀ọ̀kan tó, kí ẹ sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n bi ẹlòmíràn wò kí wọ́n tó gbà.

Ẹ̀dà Ìwé Ìtàn Ìbàdàn kan wà lọ́wọ́ mi tó wá láti irú ilé bẹ́ẹ̀. Èèpo rẹ̀ ti lọ, ikán ti jẹ igun rẹ̀ kan, kò sì ní ìbuwọ́lù òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí etí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Níbi tí ìwé bá ti dárúkọ jagunjagun kan, á kọ agboolé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nígbà ayé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Níbi tí kò bá ti gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé, á fa ìlà sí i, á kọ orúkọ àgbà tó sọ tirẹ̀ fún un. Mi ò lè fi ẹ̀dà yìí pààrọ̀ èyí tó mọ́ tónítóní.

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú ìwé nílẹ̀ olóoru kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín pẹpẹ ìwé àti ògiri, pàápàá ògiri tí òjò ń lù. Pẹpẹ onírin dára ju onípákó lọ nítorí ikán. Ẹ má sá ìwé sóòrùn. Tí ó bá ní ọ̀rinrin, ẹ ṣí i díẹ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù láti kó gbogbo ìwé sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ nu eruku wọn, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn fún aáyán àti kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán bíi fàdákà, tí ń jẹ gọ́ọ̀mù inú ìwé. Ìwé tuntun tó bá wọlé, ẹ má kó o mọ́ àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, ẹ dì í sínú náílọ̀n kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé, kí ẹ gbé e sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì jẹ́ kí òtútù rẹ̀ lọ pátápátá kí ẹ tó tú náílọ̀n náà. Ibi tí iná kì í ti lọ nìkan ni èyí ti ń ṣiṣẹ́. Tí yìnyín bá ń yọ́ tó tún ń dì, ẹ̀ ń ba ìwé jẹ́ ni.

Sẹ́ló ni ọ̀tá. Láàárín ọdún mélòó kan, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á wọ inú bébà, á pọ́n, kò sì ní í kúrò mọ́. Ojú ewé tó bá ya, ẹ fi sílẹ̀ sínú ìwé bó ṣe wà, kí ẹ fi bébà mímọ́ wé gbogbo rẹ̀. Ẹ má sì mú ìwé àtijọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rán ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n á gé etí rẹ̀ kó lè dọ́gba, ìkọ̀wé pẹ́ńsù á sì bá a lọ. Píìnì tó bá ti dógùn-ún nínú ìwé pẹlẹbẹ, ẹ lè rọra yọ ọ́, kí ẹ fi òwú so ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín kúrú.

Àkọsílẹ̀

Ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú ewé tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yín: àkọlé, òǹkọ̀wé, ilé ìtẹ̀wé, ọdún, iye ojú ewé, ohun tó ti sọnù níbẹ̀, gbogbo ìkọ̀wé ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe rí i gan-an, ẹni tí ẹ ti rà á, ọjọ́ tí ẹ rà á, àti iye owó. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sínú ìwé náà, ní igun ojú ewé ẹ̀yìn. Ẹ ya fọ́tò ìbuwọ́lù àti ìkọ̀wé etí ìwé, kí ẹ fi ẹ̀dà fọ́tò náà pamọ́ sí ilé mìíràn. Tí ẹ bá gbọ́ ìtàn nípa ẹni tó ni ìwé tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín nígbà tí ara ṣì le pé ibo ni ìwé náà ń lọ. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san wà ní ibi ìkàwé Kenneth Dike lónìí, àwọn tó ń kọ ìtàn Ìbàdàn sì ń lò ó láti ìran dé ìran, nítorí pé wọ́n kó o lọ síbẹ̀ láìfọ́n ọn ká. Tí ẹ bá fẹ́ fún ilé ìkàwé kan, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ fi àkọsílẹ̀ yín hàn wọ́n, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n á gba àwọn ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ní ìwé olówó ńlá nìkan ni àwọn fẹ́, ẹ wá ilé ìkàwé mìíràn.